Máṣíìnì Tí Àǹtí Rónkẹ́ Máa Ń Kí Láràárọ̀

Òróró tí a ti gbàdúrà sí kì í ní òórùn púpọ̀ nínú ìgò. Ẹ lè ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sùn kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kán sórí irin gbígbóná, èéfín funfun díẹ̀ á rú níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì le bíi ti dòdò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gun alùpùpù kan wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlòkù ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń dán bí ẹni pé inú páálí ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fi òróró yà á sí mímọ́." Kí èmi Ìyá Ìjọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìtara ti mú un da díẹ̀ sórí táńkì fúnra rẹ̀. Òróró náà ṣàn wálẹ̀, ó kán sórí páìpù èéfín. Bí òórùn yẹn ṣe dé imú mi, mo wá àga, mo jókòó. Àwọn ọmọ ìjọ rò pé ààwẹ̀ ló ń mú mi, wọ́n sáré lọ bu omi wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, kì í ṣe ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Rónkẹ́ ni.

Àǹtí Rónkẹ́ ni àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ, inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, lẹ́yìn Tákié ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú àgbàlá ńlá kan tí igi kajú dúró sí láàárín rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi, alàgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà wa. Òórùn pákó tútù àti ti àbẹ́là ló ń jí mi láràárọ̀. Agogo àdúrà a dún kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi a máa sá sùtánà funfun sórí okùn, Ìyá Sùlé tó ń ta ẹ̀kọ lójúlé kejì a máa fi ariwo ẹnu kí gbogbo ayé bí ẹni pé adití ni àwa yòókù. Àkókò tí nǹkan wọ́n ni. Ẹni tó ra nǹkan tuntun nígbà náà, ìràwọ̀ ni láàárín wa. Àlòkù la fi ń ṣayé, a sì ń dúpẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni Àǹtí Rónkẹ́. Àwọn abúlé ló máa ń lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, a máa gbé àpótí yìnyín kékeré kan dání tí oògùn wà nínú rẹ̀. Àpótí yẹn ni ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Bí ó bá dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sóko, yìnyín á yọ́, oògùn á bàjẹ́, àwọn ìyá tó ti gbọ́mọ pọ̀n láti àárọ̀ á sì padà sílé lásán. Ó ti ṣẹlẹ̀ tí ó dé abúlé kan lẹ́yìn ọjà méjì, tí wọ́n fi ibojì ọmọ kan tí èéyi pa hàn án. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá alùpùpù, tí à ń pè ní máṣíìnì nígbà náà.

Ọ̀yọ́ ló ti rí i. Èmi ni ó mú dání, torí pé a wà ní ìsinmi iléèwé. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé ló ni ín, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Owódé. Ṣòkòtò káàkì péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún ló wọ̀, bí ẹni tó ṣì fẹ́ lọ wo ìkòkò omi onílé. Máṣíìnì náà dúró sábẹ́ ìbòòji, pupa, àgbà, ó mọ́ tónítóní. Àǹtí Rónkẹ́ na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá fa kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn.

"Kí i ná."

"Ẹ ní kí n kí ta ni, sà?"

"Máṣíìnì. Ṣé o kàn fẹ́ gun àgbàlagbà lẹ́yìn láìkí i ni? Kúnlẹ̀."

Mo rò pé orí bàbá náà ti dàrú. Ṣùgbọ́n Àǹtí Rónkẹ́ kúnlẹ̀, bàbá sì kọ́ ọ ní ìkíni yẹn níwájú mi, láti orí táyà iwájú dé orí ti ẹ̀yìn. Ó ní kó fi àtàǹpàkò tẹ táyà, kó yí i po, kó máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti sán bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Ó ní kó di í mú ṣinṣin kó mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá ń mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ, kó má gùn ún. Ó ní kó wo gbogbo wáyà níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já ní fọ́nrán fọ́nrán láìsọ fún olówó wọn. Ṣéènì ní láti fì díẹ̀, bí okùn tí a sá aṣọ fẹ́lẹ́ sí. Ibi tí a ti ń fún un ní iná kó lè sáré, a ó yí i, a ó fi í sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà sáyè ara rẹ̀ kíákíá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Iná iwájú? Iná ẹ̀yìn? Họ́ọ̀nù? Gbogbo nọ́ọ̀tì ni a ó fọwọ́ kàn. Ní ìparí, a ó ti máṣíìnì rìn, a ó sì tẹ bíréèkì. "Bó bá dúró gbagidi," ni bàbá wí, "ó ti dáhùn ìkíni ẹ nìyẹn. Bí kò bá dúró, kò dáhùn. Má gun ohun tí kò dáhùn."

Àǹtí Rónkẹ́ tì í. Ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Máṣíìnì náà rọra ń yọ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wojú bàbá, ó ní, "Kò dáhùn o. Láínì inú bíréèkì rẹ̀ ti tán. Mi ò níí gbé e báyìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. "Mo mọ̀ pé ó ti tán. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà á mọ̀ ni." Mo ro èyí nígbà tí mo dàgbà, mo sì rí i pé bí Àǹtí Rónkẹ́ kò bá mọ̀, bàbá náà ìbá jẹ́ kí àwa méjèèjì gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn àgbà kan fi ń kọ́ ènìyàn nígbà náà nìyẹn.

Ó pe mẹkáníìkì, wọ́n fi láínì tuntun sí i lójú wa. Bàbá mú ọ̀kan gbé sí ọwọ́ Àǹtí, ohun kan bí ìlàjì òrùka ńlá, ó rí ṣákálá. Ó ní, "Gbígbẹ ni í jẹ́. Gbígbẹ rẹ̀ ló fi ń di táyà mú. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rá. Bí ọ́ìlì tàbí gírísì bá kàn án, tètè fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kí o fi sáńpépà ha á. Bí ó bá ti mu ún yó, jù ú nù."

Mi ò lè gbàgbé bí a ṣe gùn ún bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Àwọn igi igbá ń sáré lọ sẹ́yìn wa, atẹ́gùn ń wọ inú aṣọ mi ó ń wú u bíi bàlúù, àwọn àgbẹ̀ ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wọ́n ń nawọ́ sí obìnrin tó wé gèlè tó ń gun máṣíìnì. Mo ń kọ orin ìjọ sétí Àǹtí Rónkẹ́ títí ohùn mi fi há. Mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn ìgbà náà, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n kò tó ti ọjọ́ yẹn.

Bí ìkíni àràárọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá wa nìyẹn. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, kí Àǹtí Rónkẹ́ tó gbé àpótí yìnyín rẹ̀, á ró ìró mọ́dìí, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì lábẹ́ igi kajú, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa mì ín, á máa dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ó má baà gbàgbé èyí tó kàn. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín di èébú. Àwọn ọmọdé àgbàlá a máa kúnlẹ̀ yí igi kajú ká, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ ikùn ara wọn, wọ́n á ní táyà ni àwọn ń kí. Ìyá Sùlé ló le jù.

"Rónkẹ́, ẹ kú ìkíni o! Irin ní ká kí yín o!"

Àǹtí Rónkẹ́ kì í gbé ojú sókè. "Ìyá Sùlé, bí ẹ bá kí bàbá Sùlé tó báyìí láràárọ̀, ilé yín ni ì bá ṣì máa sùn."

Gbogbo àgbàlá hó. Òótọ́ ni pé bàbá Sùlé ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, òótọ́ sì ni pé kò yẹ kí a sọ ọ́ síta. Ìyá Sùlé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fá pákó. "Bàbá Alàgbà, ẹ̀sìn yín kọ́ ni mò ń ṣe, àlejò ni mí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwa ìmàle kì í kúnlẹ̀ fún irin láàárọ̀. Àbúrò yín ń kúnlẹ̀ fún un."

Mo mọ bàbá mi. Ohun kan kò lè bà á lójú jẹ́ bíi kí àlejò máa kọ́ ọ ní ẹ̀sìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí aríran kan nínú ìjọ fi dìde láàárín ìsìn, ó ní òun rí irin kan tó jókòó sórí àga ní ilé Alàgbà, tí wọ́n ń wólẹ̀ fún un. Gbogbo ojú yí sí wa. Bàbá mi sorí kodò. Bàbá mi yìí ni ó fi iṣẹ́ káfíńtà tọ́ Àǹtí Rónkẹ́ lẹ́yìn ikú òbí wọn, òun ló rán an lọ sí iléèwé ìlera. Ọmọ rẹ̀ ni lójú ara rẹ̀. Ó rò pé ọkàn ọmọ òun ló ń ṣègbé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àǹtí Rónkẹ́ rí i nínú ìkíni rẹ̀ pé wáyà bíréèkì iwájú ti já ku fọ́nrán díẹ̀. Ó yọ ọ́ pátápátá, ó ní Mọ́ńdè ni òun á lọ ra òmíràn, òun kò sì níí gùn ún títí di ìgbà náà. Bí ó ti ń sinmi, ó kúkú tú táyà ẹ̀yìn sílẹ̀ sórí ẹní láti gbọn erùpẹ̀ inú rẹ̀. Inú bíréèkì là sílẹ̀ gbayawu, àwọn láínì méjèèjì hàn síta. Bàbá mi wọ àgbàlá pẹ̀lú alàgbà méjì mìíràn, ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rónkẹ́, kúnlẹ̀, dijú. A fẹ́ gbàdúrà sí nǹkan yìí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n dé e padà ná."

"Ọlọ́run ni wàá ní kó dúró ná?"

Ó kúnlẹ̀, ó dijú. Àwọn alàgbà dijú. Èmi ni mi ò lè di tèmi, torí pé mo fẹ́ràn láti máa wo bàbá mi bó bá ń gbàdúrà. Ó da òróró sórí ìjókòó. Ó dà á sórí táńkì. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba níwájú táyà tó là sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó fọwọ́ kan alàgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó béèrè wẹ́lẹ́ pé kí lèyí. Ìyẹn la ojú, ó ní bíréèkì ni. Inú bàbá mi dùn. Ibi tó ń dá ikú dúró gan-an nìyẹn! Ó wá da òróró sórí láínì méjèèjì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bomi rin irúgbìn, títí tí àwọ̀ wọn fi dúdú. Ìfẹ́ wà lójú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù.

Lẹ́yìn Àmín, Àǹtí Rónkẹ́ la ojú, ó sì rí i. Ó wo láínì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pa bíréèkì mi."

"Òróró Ọlọ́run pa kí ni?"

"Kò lè mú mọ́ báyìí. Ẹ má bínú, bẹntiróòlù ni màá fi fọ̀ ọ́ kí n tó dé e."

Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà dáwọ́ lé orí. Bàbá mi kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Bẹntiróòlù? O fẹ́ fi bẹntiróòlù fọ òróró ìyàsímímọ́ dànù nínú ilé mi?" Ó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó dé táyà náà padà sí àyè rẹ̀, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì le dáadáa, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ sápò. Ó ní, "Lọ́la lẹ́yìn ìsìn, èmi ni màá kọ́kọ́ gùn ún jáde níwájú ìjọ, kí wọ́n rí i pé ó ti di ti Ọlọ́run. Kí ojú ti aríran, kí ojú sì ti ìwọ náà."

"Bọ̀ọ̀dá, kò sí bíréèkì níwájú o. Mo ti yọ wáyà rẹ̀."

"A ti gbàdúrà sí ti ẹ̀yìn."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ ìyá mi kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú bàbá mi, ó ṣí ẹnu, bàbá mi sì ti abọ́ náà sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde.

Orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nígbà náà. Ọ̀nà kan dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dé títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí Ìlọrin. Nísàlẹ̀, kí a tó kan títì, òkìtì iyanrìn tí a fẹ́ fi kọ́ ilé àdúrà wà lápá òsì. Ìsìn ọjọ́ náà gbóná, orin pọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ti máṣíìnì náà jáde, ìjọ yí i ká nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Bàbá mi jókòó lé e, ó ki ìgò òróró bọ àpò sùtánà, ó ní, "Ta ló máa bá mi gùn ún?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára mi. "Ọmọ mi. Wá."

Mo sáré. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ṣì wà nínú ara mi, atẹ́gùn yẹn ni mo tún fẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan gbá mi mú lọ́rùn ọwọ́. Àǹtí Rónkẹ́ ni. "Ọmọ yìí kò níí gùn ún."

Bàbá mi wò ó láti orí máṣíìnì. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí i?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú nípa ìjọ tó kún bẹ́ẹ̀, àti obìnrin tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí gbogbo wọn sì ti ń gbà á ládùúrà nítorí rẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó dì mí mú tú díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn bàbá mi.

Àǹtí Rónkẹ́ kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó gbá sùtánà rẹ̀ mú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Gèlè rẹ̀ bọ́, kò mú un. Ìjọ hó ẹ̀rín. "Ẹ wò ó, ó ń sá fún òróró!" Àwọn ọmọdé ń kọrin tẹ̀lé e, pé ìránṣẹ́ irin ń sá lọ. Bàbá mi dúró ka Sáàmù kan parí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin tí a fi ń jí máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó jí. A gbéra.

Ó dùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi ń tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an ní àyà mi bíi pákó. Máṣíìnì náà ń yọ́ lọ, ó ń yára sí i, láìpariwo, bí ẹni tí a kí tí kò dáhùn. Bàbá mi ń pe, "Jésù! Jésù!" Mo rí títì níwájú. Mo rí imú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti apá Tákié, ó ń fọn họ́ọ̀nù. Mo sì rí Àǹtí Rónkẹ́ láàárín ọ̀nà, láìwé gèlè, ó la ọwọ́ méjèèjì.

Kò yà. Ó gbá ọwọ́ máṣíìnì mú, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ fà á sápá òsì. Bàbá mi àti èmi fò sínú iyanrìn. Máṣíìnì náà subú lé e lẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ké lórí orúnkún rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá. Ìgò òróró ti bọ́ lápò bàbá mi, ó fọ́ sórí páìpù èéfín, èéfín funfun ń rú. Òórùn yẹn ni.

Ọgbẹ́ kékeré kan ní ìgbọ̀nwọ́ ni mo jáde pẹ̀lú rẹ̀. Sùtánà bàbá mi ya. Orúnkún Àǹtí Rónkẹ́ fọ́. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n dá ẹsẹ̀ náà sí, ṣùgbọ́n kò lè kákò mọ́. Gbọọrọ ló wà títí di òní.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí ó ṣì wà lórí ibùsùn tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ìdílé wa ṣe ìdúpẹ́. Bàbá mi jẹ́rìí. Ó ní ikú fẹ́ pa òun àti ọmọ òun, òróró ni kò jẹ́. Ìjọ jó. Ẹnìkan sọ pé bí Rónkẹ́ bá ní ìgbàgbọ́, kì bá tí dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwòsàn fún un, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í gbé. Ìyá Sùlé gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ kí i, ó fi síwájú rẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò wá máa bá wa kí irin láàárọ̀ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹun tán. N kò mọ ohun tí a ń pe irú èyí.

Ẹlòmíràn ni ìjọba ìbílẹ̀ fún ní àwọn abúlé yẹn, ọkọ̀ ọjọ́ ọjà ló sì ń dúró dè. Wọ́n fi Àǹtí Rónkẹ́ sẹ́yìn tábìlì.

Kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn, bàbá mi ti ta máṣíìnì náà fún alhájì oníṣòwò kan ní Sábó. Mo sọ fún Àǹtí nígbà tí mo lọ kí i. Mo rò pé yóò sunkún. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé wọ́n fọ bíréèkì rẹ̀?" Mo ní wọn kò fọ̀ ọ́. Ó gbìyànjú láti dìde, okùn fà á padà. "Sáré lọ. Wí fún un pé kó má gùn ún. Sọ pé bẹntiróòlù ni kó fi fọ̀ ọ́, kó ha á." Mo sáré láti ibẹ̀ dé Sábó láìdúró. Wọ́n ní alhájì náà ti gùn ún lọ láti ìdájí, ọ̀nà òkè ọya ló gbà. Wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì fi ọmọdé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ṣe ẹ̀rín. Títí di òní, n kò mọ bí ọkùnrin náà ṣe dúró.

Bàbá mi kò tọrọ àforíjì. Ó kan àga kan. Pákó tó dára jù nínú ilé ìṣẹ́ rẹ̀ ló fi kàn án, ó fa iwájú rẹ̀ gùn kí ẹsẹ̀ tí kì í kákò lè rí ibi sùn, ó fá a títí ó fi ń dán, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, ó sì lọ. Àǹtí Rónkẹ́ jókòó sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn lórí rẹ̀ títí bàbá mi fi sùn nínú Olúwa.

Nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti gé igi kajú. Alùpùpù pọ̀ ní Tákié báyìí bí eéṣú, obìnrin tó ń gùn ún kì í ṣe ohun ìran mọ́, oògùn àjẹsára sì ń dé abúlé pẹ̀lú yìnyín rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ògo ni fún Ọlọ́run. Mo ṣì gba òróró gbọ́. Wọ́n ti fi sí mi lórí nígbà tí mo ń rọbí, mo sì ti fi sí orí àwọn tó ń kú lọ tí wọ́n dìde. Ọlọ́run gbọ́ igbe bàbá mi lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Rónkẹ́ ló rán sí wa, Ó ti rán an kí a tó kígbe, a sì ń fi í ṣẹ̀sín lọ́nà ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo ń wí, mo mu omi tí wọ́n bù fún mi, mo dìde, mo gba ìgò òróró lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Mo fi sí i níwájú orí, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo gbàdúrà gígùn. Mo nu ọwọ́ mi àti tirẹ̀ gbẹ dáadáa, mo dé ìgò. Mo ní, "Ti máṣíìnì rẹ rìn, kí o tẹ bíréèkì." Ó tì í. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ń yọ́ lọ.

"Màmá, ẹ ṣáà ti gbàdúrà sí i," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ní ó di ìgbà tó bá ṣí inú táyà yẹn tí mo sì fi ojú ara mi rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo gbọ́ ẹni tó sọ lẹ́yìn mi pé Ìyá Ìjọ náà ti ń di aláìgbàgbọ́ báyìí. N kò wẹ̀yìn.

Mo gba ilé lọ bá Àǹtí Rónkẹ́. Orí àga yẹn ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Mo sọ fún un pé ọmọ kan ra máṣíìnì àgbà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó kí i?"

"Ó kí i, Àǹtí."

"Ó dáhùn?"

"Kò dáhùn."

Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú rẹ̀. Ó pa ọwọ́ náà dé.